Èwo Nínú Píìlì Ọkàn Ló Ń Mú Ẹ̀mí Gùn Jù?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ọjà Kétu mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tú kókó ìró rẹ̀, ó mú ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde. Ó ní kí n bá òun wo ohun tí dókítà kọ síbẹ̀. Faransé kún ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí wọ́n fi bíìkì pupa fà lábẹ́: «FEVG : 30 %». Kí n tó la ẹnu, Ìyá ti sọ ọ́: "Mo ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí mi, ọgbọ̀n ló kù."

Bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti Àjàṣẹ́ wá sí Kétu nìyẹn, nínú ọkọ̀ tí èrò kún, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó dùn mí débi pé mo kọ́kọ́ jókòó tì í lásán. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó ti ń rò bọ̀. Aládùúgbò kan níbi tó sùn sí ní Àjàṣẹ́ gbé píìlì, ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, sáyà, ara onítọ̀hún sì ti le, ó ń dá lọ sí ọjà Ouando fúnra rẹ̀. Ìyá ní, "Nínú àwọn píìlì tí wọ́n ń fi síni láyà yẹn, èwo ló ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ láyé jù?"

Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀ látìgbà náà, mo sì ti jókòó ti àwọn dókítà ọkàn bi wọ́n. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé Ìyá kọ́ ló ń béèrè èyí nìkan.

FEVG ni kí a kọ́kọ́ tú. Ọkàn dà bí àpò ẹran ara tó ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú, tó sì ń fún un jáde. Kò sí ọkàn tó ń fún gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde tán lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó le tó. Bí a bá ní apá òsì ọkàn gba ṣíbí 100, ọkàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń tú bíi 55 sí 70 jáde, a sì fi ìyókù sílẹ̀ de ìlù tó tẹ̀ lé e. Iye tó tú jáde yẹn ni FEVG. Níbi tí ọkàn ẹgbẹ́ Ìyá ti ń tú 60, tirẹ̀ ń tú 30. Ó kéré lóòótọ́, àárẹ̀ ọkàn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ka ọjọ́ ayé. Mo ti rí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 30 tó tún padà gòkè nígbà tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Ó wá kan píìlì. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣàbẹ́, orúkọ kan ṣoṣo là ń pe gbogbo ohun tí wọ́n bá fi sábẹ́ awọ àyà. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, òun náà là ń pe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn kò jọra ló sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan yìí, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni ẹ̀rọ tó ń rán ọkàn létí pé kó lù, fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù falẹ̀ jù. Lọ́dún 1958 ní Sweden, dókítà Åke Senning fi èyí tí Rune Elmqvist ṣe sí àyà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arne Larsson. Èyí àkọ́kọ́ kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi bà jẹ́. Wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, títí ó fi lo 26 láyé rẹ̀. Ọdún 2001 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 86, lẹ́yìn tí dókítà tó fi í sí i àti ẹni tó ṣe é ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Irú ẹ̀rọ yìí ni aládùúgbò Ìyá gbé. Ọkàn rẹ̀ lágbára láti fún ẹ̀jẹ̀, àṣẹ pé kó lù ni kò ń dé sí i lásìkò. Nígbà tí wọ́n bá a tún ìyẹn ṣe, ara rẹ̀ yá lójú ẹsẹ̀. Àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìyá, nítorí náà àlàáfíà tirẹ̀ kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún Ìyá.

Kí ẹ̀rọ mẹ́ta tó kù tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọkàn tó rẹ̀ ń gbà pani. Ọ̀nà kìíní ń rọra bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sẹ́yìn, omi ń jò sínú ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ kókósẹ̀ aláìsàn, ẹ ó yọ ọ́, ihò yóò wà níbẹ̀ bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí a pò. Ó ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn nítorí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, èémí a há. Ọ̀nà kejì kì í kan ilẹ̀kùn. Iná mànàmáná inú ọkàn a ṣàdédé dàrú, ọkàn a máa gbọ̀n rìrì dípò kó lù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti parí. Ẹni tó jẹun alẹ́ tán tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa bá láàárọ̀ pé kò jí. Mo mọ ilé tí wọ́n ti torí irú ikú bẹ́ẹ̀ fẹ̀sùn kan ìyàwó, tí wọ́n ní ó mọ ohun tó ṣe ọkọ rẹ̀. Obìnrin yẹn kò mọ nǹkan kan. Ọkàn tó rẹ̀ ni, iná rẹ̀ ló dàrú.

Ikú òjijì yìí ni ẹ̀rọ kejì, DAI, wà fún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà wa ṣe ń kọ ọ́ ní Faransé. Àwọn ará wa tó kọjá sí Nàìjíríà fún ìtọ́jú yóò rí ICD lórí ìwé tiwọn, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú wa. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀ láyé ogun kò sí níbẹ̀ láti ro oko tàbí láti gbin iṣu. Ọjọ́ tí ọ̀tá bá dé ni ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni DAI rí. Ó ń wo ìlù ọkàn tọ̀sán-tòru, bí iná ọkàn bá sì dàrú, a ju iná tirẹ̀ lù ú kó lè padà sípò. Michel Mirowski ló fi ọ̀pọ̀ ọdún lé èrò yìí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ pé kò ní wúlò. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú èèyàn, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà.

Ṣé ó ń mú ẹ̀mí gùn? Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SCD-HeFT, tó jáde lọ́dún 2005, ló dáhùn rẹ̀ jù. Wọ́n kó èèyàn 2521 tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà, tí FEVG wọn kò ju 35 lọ. Wọ́n ṣẹ́ gègé lé wọn lórí: àwọn kan gba DAI, àwọn kan gba amiodarone, oògùn tó ń tún ìlù ọkàn tó dàrú ṣe, àwọn kan gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú, gbogbo wọn ló sì ń lo oògùn ọkàn tiwọn lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án, 29 nínú 100 ti kú nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo, 28 nínú àwọn tó gba amiodarone, 22 nínú àwọn tó gbé DAI.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà da èèyàn lójú rú. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé DAI dín ikú kù ní ìdá 23 nínú 100. Ẹlòmíràn lè sọ pé nínú èèyàn 100, ẹni 7 ni DAI gbà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta lè sọ pé ẹni 14 ní láti gbé e kí ẹnì kan tó là tí ì bá ti kú láàárín àsìkò yẹn. Òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, orí ìwádìí kan náà ni wọ́n sì ti mú un. 23 ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fẹ́ràn láti máa sọ. Èmi fẹ́ kí ẹbí aláìsàn gbọ́ ìkejì àti ìkẹta pẹ̀lú kí wọ́n tó ta ilẹ̀. Ẹ sì wo ẹni 22 tó kú pẹ̀lú DAI láyà. Púpọ̀ nínú wọn, ikú tó ń rọra bọ̀ ló mú wọn lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò lè bá ìyàn jà.

Ọ̀rọ̀ míì wà tó kan àwa gan-an. Àwọn ìwádìí tí DAI ti tàn jù, irú MADIT-II ti ọdún 2002, orí àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti dí rí ni wọ́n ti ṣe é. Níbẹ̀, ikú wá láti bíi 20 nínú 100 sí 14 láàárín bí oṣù 20. Ṣùgbọ́n ìwádìí THESUS-HF, tó tẹ̀lé aláìsàn 1006 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn lọ́dún 2012 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa bí ìdajì àárẹ̀ ọkàn lọ́dọ̀ wa. Ti iṣan dídí kò tó 8 nínú 100. Aláìsàn tiwa kò sì dàgbà bíi tòyìnbó: ẹni ọdún 52 ni wọ́n jẹ́ ní ìpíndọ́gba. Nítorí náà ìwádìí tó yẹ kí a tẹ́tí sí jù ni èyí tí wọ́n ṣe lórí ọkàn tó rẹ̀ láìsí iṣan dídí. Wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Denmark, DANISH ni orúkọ rẹ̀, ó jáde lọ́dún 2016. Èèyàn 1116 ni, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn ju ọdún márùn-ún lọ. DAI dín ikú òjijì kù láti bíi 8 nínú 100 sí 4. Ṣùgbọ́n tí a bá ka gbogbo òkú pọ̀, 21.6 nínú 100 ni ti àwọn tó gbé e, 23.4 ni ti àwọn tí kò gbé e. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ó lè jẹ́ kòńgẹ́. Àwọn tí kò tíì ju ẹni 70 ọdún lọ ló jọ pé wọ́n jèrè níbẹ̀.

Kí ló fà á? Apá kan ìdáhùn ni pé oògùn ti dára sí i láàárín ọdún 2002 sí 2016. Ọ̀tá tó ń wá sẹ́nubodè ti dín kù.

Ẹ̀rọ kẹta, CRT, kò bá ikú òjijì ṣe tààrà. Ẹ rántí bí èèyàn méjì ṣe ń fún ìró tó rin gbindin: ọ̀kan di etí kan mú, èkejì di etí kejì, wọ́n á jọ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi a dà sílẹ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ń lọ́ tirẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì ń tún ọwọ́ mú, aṣọ á kàn máa yí lásán, omi kò ní jáde tó. Nínú àwọn ọkàn kan tó rẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà dé apá òsì ti dí, ògiri òsì a máa pẹ́ lẹ́yìn ọ̀tún. CRT a fi okùn tín-ín-rín lé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì mú kí wọ́n jọ fún un pọ̀. Ọkàn a lágbára sí i lóòótọ́, FEVG a máa gòkè, ẹsẹ̀ tó wú a fà.

CARE-HF, tó jáde lọ́dún 2005, ṣẹ́ gègé lé èèyàn 813 lórí, gbogbo wọn ń lo oògùn, ìdajì gba CRT tí kò lè ju iná. Láàárín bí ọdún méjì àbọ̀, 30 nínú 100 kú níbi tí oògùn ti dá wà, 20 kú níbi tí CRT ti bá a pọ̀. Ẹni mẹ́wàá nínú 100! Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nọ́ńbà yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọkàn tó rẹ̀ kọ́ ni ògiri rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́yìn. ECG ló ń sọ ìyẹn, pépà onílà wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń yà nígbà tí wọ́n bá lẹ okùn mọ́ni láyà. Ẹ wá QRS lórí rẹ̀: ó ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí iná tó la ọkàn já, wọ́n sì ń fi sẹ́kọ́ńdì tí a pín sí 1000 kà á. Èyí tó dára kì í dé 120. Àwọn tí tiwọn ti tó 150 sókè, tí wọ́n sì kọ «bloc de branche gauche» sí ìwé wọn, ìyẹn ni pé ọ̀nà iná apá òsì ti dí, ni CRT ń ṣe lóore jù. Ní ìdàkejì, EchoCRT, ìwádìí ọdún 2013, fi CRT sí àwọn tí QRS wọn kò tó 130. Èèyàn 809 ni. Wọ́n ní láti dá a dúró. Nínú 404 tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún, 45 kú. Nínú 405 tí ẹ̀rọ wà láyà wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tan CRT rẹ̀, 26 ló kú. Ẹ̀rọ kan náà tó gba ẹni mẹ́wàá nínú 100 là lọ́hùn-ún ló ń dá kún ikú níhìn-ín. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé CRT dára ju DAI lọ, ẹ bi í pé: dára fún QRS mélòó?

Irú CRT méjì ló wà, ó sì máa ń rú dókítà pàápàá lójú. CRT-P ń so ìlù pọ̀ nìkan. CRT-D so ó pọ̀, ó sì tún ní ẹ̀ṣọ́ DAI nínú. Ó jọ pé ẹni tó ní méjì yẹ kó ju ẹni tó ní ọ̀kan lọ, àbí? COMPANION, ìwádìí ọdún 2004 lórí èèyàn 1520, ni wọ́n sábà máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀: CRT-P dín ikú kù ní ìdá 24 nínú 100, CRT-D dín in ní 36. Àwọn kan rí 36, wọ́n rí 24, wọ́n ní ẹjọ́ ti parí. Rárá o. Oògùn nìkan ni wọ́n fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò gbé ìwádìí náà kalẹ̀ láti fi P jà pẹ̀lú D. 24 ti P kò sì kọjá ohun tó lè jẹ́ kòńgẹ́, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọdún kejì ni CARE-HF dé tó fi hàn pé P fúnra rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là láìsí iyèméjì. Ẹ tún rántí DANISH: ju ìdajì àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ ló gbé CRT. Fún wọn, ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni bóyá kí a fi D kún P ń mú ẹ̀mí gùn, ẹ sì ti rí bí ìyàtọ̀ rẹ̀ ṣe kéré tó. RAFT, tó jáde lọ́dún 2010, wò ó láti òdìkejì: èèyàn 1798, gbogbo wọn gbé DAI, wọ́n wá fi CRT kún ti ìdajì. Ikú wá láti bíi 26 nínú 100 sí 21. Ojú tí mo fi wò ó ni pé níbi tí QRS bá ti gbòòrò, ìsopọ̀ ìlù yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù; ẹ̀ṣọ́ wúlò jù fún ọ̀dọ́ àti fún ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí.

Ẹ óò rí àkọsílẹ̀ ọsibítù káàkiri ayé tí wọ́n fi sọ pé àwọn tó gbé CRT-D ń pẹ́ ju àwọn tó gbé CRT-P lọ. Ẹ ṣọ́ra fún irú rẹ̀. Ká ní a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gun òkè Ṣàbẹ́ dé góńgó lónìí, tí a sì kọ orúkọ àwọn tó jókòó sísàlẹ̀ de wọ́n. Bí a bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn tó gun òkè ló máa pọ̀ jù láàyè. Òkè Ṣàbẹ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀mí. Ẹni tó lágbára ló lè gùn ún. Bákan náà, arúgbó ẹni 80 ọdún tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá mọ́, CRT-P ni dókítà sábà máa ń yàn fún un, kí ó má fi iná da ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ rú. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ló ń gba D. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ gègé. Gègé kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà.

Ẹ̀rọ kẹrin, LVAD, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ ká pè é ní píìlì rárá. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ni, inú àyà ló ń gbé, okùn rẹ̀ yọ síta láti ikùn, bátìrì rẹ̀ wà nínú àpò tí èèyàn ń gbé kọ́rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gba iná sí i lójoojúmọ́. Ní REMATCH, ọdún 2001, àwọn 129 tí ọkàn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán ni wọ́n fi dán an wò: lẹ́yìn ọdún kan, 52 nínú 100 ṣì wà láàyè pẹ̀lú ẹ̀rọ, 25 pẹ̀lú oògùn; lẹ́yìn ọdún méjì, 23 sí 8. Ẹ̀rọ ti dára sí i láti ìgbà náà. Àbájáde ọdún márùn-ún ti ìwádìí MOMENTUM 3, tó jáde lọ́dún 2022, fi hàn pé 58 nínú 100 ṣì wà láàyè pẹ̀lú HeartMate 3, níbi tí 44 ti wà pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀, HeartMate II.

Ẹni tó bá fi 58 yìí wé nọ́ńbà CRT yóò ní LVAD ń pa èèyàn. Ẹ wo etí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá ń yọ àwọn tó ti ń rì, tí díẹ̀ kú lórí rẹ̀, ẹ kò ní fi wé àwọn tó ń rin létí omi jẹ́jẹ́ kí ẹ wá sọ pé ọkọ̀ náà burú. Láìsí ọkọ̀, àwọn tó ń rì ni yóò kú tán. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: níbi tí iná ti ń lọ lóru, tí ayẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì kò sí nítòsí, tí okùn inú ikùn lè kó àrùn, mi ò ní gba ẹbí tó wà ní ìgbèríko níyànjú pé kí wọ́n fi gbogbo ohun ìní wọn lé LVAD ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a ń lé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù sẹ́fà, a sì ń dá oògùn dúró nítorí ẹsẹ̀ ti fà. Lọ́dún 1999, ìwádìí RALES kó èèyàn 1663 tí àárẹ̀ ọkàn wọn le, wọ́n fún bí ìdajì wọn ní spironolactone, oògùn tí owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n fún ìyókù ní oògùn òfìfo. Ní ọdún méjì, ikú wá láti 46 nínú 100 sí 35. Mọ́kànlá nínú 100. Ẹni tó bá ti fẹ́ sọ báyìí pé "ó ju méje ti DAI lọ", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró: àwọn tó wà nínú RALES ṣàìsàn ju ti SCD-HeFT lọ, a kò lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan, bí a kò ṣe lè gbé LVAD àti CRT. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò rọ́pò oògùn nínú ìwádìí kankan tí mo kà síbí. Orí oògùn ni wọ́n gbé e kà. Lónìí irú oògùn mẹ́rin ló wà: irú bisoprolol tàbí carvedilol, irú enalapril tàbí sacubitril-valsartan, spironolactone, àti dapagliflozin. Dókítà tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi wọ́n ṣètọ́jú fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, yóò tún ẹ́kò, àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ń wọn FEVG, ṣe, kó tó sọ pé ẹ̀rọ yá. Bí iṣan ọkàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, ogójì ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fi DAI sí i. Ìwádìí INTER-CHF, tó jáde lọ́dún 2017, rí i pé 34 nínú 100 aláìsàn ọkàn ní Áfíríkà kú láàárín ọdún kan, níbi tí gbogbo ibi tí wọ́n wò lápapọ̀ ti jẹ́ bíi 16. Ẹ̀rọ nìkan kò lè dí àlàfo yẹn.

Àwọn kan ti bi mí nípa píìlì àlòkù, bí tòkunbọ̀ tó ń gba Kùtọnu wọlé. Ó wà. Wọ́n ń yọ ọ́ lára òkú ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń pa kòkòrò ara rẹ̀. Ìwádìí kan tó ti Kánádà jáde lọ́dún 2020 tẹ̀lé èèyàn 1051 tó gba irú rẹ̀ ní Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè kan nítòsí rẹ̀: nínú 100, 2 ló kó àrùn tàbí kú nítorí ẹ̀rọ, bíi 1 láàárín àwọn tó gba tuntun, ìyàtọ̀ náà kò sì tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ọsibítù tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ó, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́wọ́ alágbàtà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí nọ́ńbà ẹ̀mí kì í sọ. Àwọn tí DAI ti ju iná lù ní ó dà bí ìgbà tí ẹṣin ta wọ́n nípàá láyà. Ó lè jù ú nígbà tí kò yẹ. Nígbà tí aláìsàn bá sì ń lọ sílé nítorí jẹjẹrẹ tàbí ọjọ́ ogbó, dókítà lè pa apá tó ń ju iná náà láìla àyà rẹ̀, kí ó lè sùn lọ jẹ́jẹ́. Ẹbí kò sábà mọ̀ pé èyí ṣeé béèrè.

Ìyá lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo ń kà á fún un láràárọ̀ lórí fóònù, funfun kan, pupa kan, èyí tó rí gbọọrọ kan. Ó fi iyọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀hónú. Nígbà tí a padà sí Àjàṣẹ́, ẹ́kò ní FEVG ti di 34, ECG sì ní QRS jẹ́ 160, pẹ̀lú «bloc de branche gauche» ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fáìlì ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó jọ pé Ìyá máa nílò píìlì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. P ni àbí D? Nínú ọgọ́rùn-ún irú mi, tí iṣan ọkàn wọn kò dí, mélòó ló ń là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Dókítà wo Ìyá, ó fi fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.